Etí ló kọ́kọ́ ń dùn ún

Ọ̀kun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀pọ̀ yín ń béèrè ìdí tí mo fi ti ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi ní Kàbbà pa láti oṣù mẹ́rin. Ọmọ mi ọkùnrin ni, ọmọ ọdún mẹ́rin.

Etí òsì ló bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Ó ń ṣọyún, ara gbóná. Wọ́n fún wa ní oògùn olómi ní kẹ́míìsì, ó gbẹ. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án ó tún tú. Ìyá ọkọ mi ní kí n kán àdí sí i. Mo kán an, ẹ má bú mi. Ẹ̀ẹ̀kẹta la dé ilé ìwòsàn, wọ́n ní ibà ni, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, a padà sílé. Kò sẹ́ni tó gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò.

Téèpù mi ló tú àṣírí. Mo fẹ́ wọn ọmọ fún aṣọ Kérésì. Bí mo ṣe bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, mo rí àpá dúdú-dúdú níhà àti lójúgun, bí ẹni tí wọ́n fi ẹgba nà. Mo gbá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú: ta ló lù ú? Kò sẹ́ni tó lù ú. Mo fa abẹ́ ojú rẹ̀ wálẹ̀, inú rẹ̀ funfun bí ògì.

Ní ilé ìwòsàn, PCV rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ pupa tó wà nínú ẹ̀jẹ̀, jẹ́ 16 péré nínú ọgọ́rùn-ún. Wọ́n ní ká máa lọ sí Ìlọrin lọ́jọ́ náà. Mọ̀pà, Ìsánlú, Ẹgbẹ̀, Òmù-Àrán: kò sí kòtò ọ̀nà yẹn tí n kò mọ̀ mọ́, torí kòtò kọ̀ọ̀kan ló ń ké sí pé egungun ń dun òun.

Jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ni. Dókítà obìnrin kan jókòó tì mí. Ó ní inú mùdùnmúdùn egungun ni ẹ̀jẹ̀ ti ń wá, ibẹ̀ sì ni sẹ́ẹ̀lì funfun tí kò gbó ti ń pọ̀ bí èpò nínú oko iṣu. Ẹ̀jẹ̀ pupa ò ráyè, èyí tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì ò ráyè, àwọn èpò náà ò sì lè bá kòkòrò àrùn jà. Ìyẹn ni etí ò fi gbọ́ oògùn.

Ìtọ́jú á ju ọdún méjì lọ. Vincristine wà lára àwọn oògùn náà. Òdòdó píǹkì kékeré tó wà níwájú ilé wa ni wọ́n ti rí i yọ. Màmá gbọ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n ní ká kúkú sè é. Mo ní ẹ má dán an wò o, májèlé ni!

Etí ti gbẹ. Ẹ̀wù Kérésì yẹn, mo ti dín in lẹ́ẹ̀mejì nígbà tó ń rù. Ṣùgbọ́n prednisolone, oògùn míì tí wọ́n ń fún un, ti ń jẹ́ kó máa béèrè iyán láàárọ̀ kùtù. Lánàá mo tú ìrán náà, mo fi aṣọ kún un níkùn.