Ohun tí Corolla mi ti kọ́ mi nídìí ríra páàtì lórí íntánẹ́ẹ̀tì

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra páàtì mọ́tò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tẹ́ ẹ ò sì fẹ́ kówó yín wọgbó, ẹ má bẹ̀rẹ̀ látorí "èló ni?", ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí nọ́ńbà. Páàtì tó bá ti nítumọ̀ nínú mọ́tò ló ní nọ́ńbà tí iléeṣẹ́ tó ṣe é fún un, ẹni tó bá sì ti mọ nọ́ńbà yẹn, ì báà jẹ́ ọjà páàtì Ládípò l'Ékòó ló dúró sí, ì báà jẹ́ orí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀ ló sùn sí tó ń tẹ fóònù, ohun kan pàtó ló ń wá. Ẹni tí ò mọ̀ ọ́n ló máa ń kọ "mo fẹ́ kọ́ìlì Corolla, last price?" sí èèyàn lórí WhatsApp, wọ́n á sì fi èyí tó wà nílẹ̀ ránṣẹ́ sí i.

Ìbàdàn ni mò ń gbé, Corolla 2005 ni mò ń wa, tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà, ẹ́ńjìnnì 1.8 tí wọ́n ń pè ní 1ZZ-FE. Torí náà Corolla ni àpẹẹrẹ mi máa pọ̀ sí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wa Camry Big Daddy tàbí Muscle, tàbí Honda End of Discussion, ọgbọ́n kan náà ni jàre, nọ́ńbà nìkan ló máa yàtọ̀.

Àmọ́ kẹ́ ẹ tó rajà rárá, ẹ mọ ohun tó ń ṣe mọ́tò, torí páàtì tó wọ́n jù láyé ni èyí tí mọ́tò yín ò nílò. Mọ́tò tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà láti 1996 síbí ní ojúhò kan lábẹ́ sítíárìn tí wọ́n ń ki ẹ̀rọ ayẹ̀wò bọ̀, OBD2 nìyẹn. Èyí kékeré kan wà tó ń lo Bluetooth, ELM327 ni wọ́n ń kọ sí i lára, kò wọ́n, á máa bá fóònù yín sọ̀rọ̀. Ká ní ẹ́ńjìnnì ń gbọ̀n, kò fẹ́ fà, iná check engine ń ṣẹ́jú, ẹ̀rọ yẹn lè gbé kóòdù P0301 jáde, tàbí P0302, P0303, P0304. Nọ́ńbà ìparí yẹn ló ń sọ sìlíńdà tí iná ò ti jó dáadáa. Rìwáyà míì tó bá ti rí i báyìí, ohun tó máa sọ ni pé ẹ lọ ra kọ́ìlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wá, àwọn tó ń fún plọ́ọ̀gì níná. Ẹ má tíì lọ. Ẹ pa mọ́tò, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ ṣí ike tó bo orí ẹ́ńjìnnì, ẹ máa rí kọ́ìlì mẹ́rin tó tò lẹ́sẹẹsẹ, bóòtù kan ṣoṣo ló di ọ̀kọ̀ọ̀kan mú, sípánà 10 ló ń tú u. Ẹ yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀ jẹ́jẹ́ torí ike yẹn ti gbó, ó máa ń ṣẹ́, ẹ fa kọ́ìlì àkọ́kọ́ sókè, ẹ gbé e lọ sójú ìkejì, kẹ́ ẹ gbé tìkejì wá sójú àkọ́kọ́. Ẹ pa kóòdù rẹ́, ẹ wa mọ́tò yípo àdúgbò. Tí P0301 bá ti di P0302, ọ̀rọ̀ ti bù ṣe, kọ́ìlì yẹn ló bàjẹ́, àìsàn ẹ̀ bá a lọ síbi tó lọ. Tó bá ṣì ń pe P0301, ẹ yẹ plọ́ọ̀gì àti ínjẹ́tọ̀ wò, ẹ fi kọ́ìlì sílẹ̀. Kọ́ìlì kan lẹ máa rà dípò mẹ́rin nìyẹn, nígbà míì gan-an ẹ ò ní ra ìkankan.

Ó dáa, ká ní kọ́ìlì ni. Ẹ fi àkísà nu ọ̀rá orí ẹ̀ kúrò, ẹ gbé e síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ẹ máa rí 90919-02239, ẹ tún máa rí DENSO lára ẹ̀. Bí nọ́ńbà Toyota ṣe máa ń rí nìyẹn, márùn-ún níwájú, márùn-ún lẹ́yìn, dáàṣì láàárín. Ti Camry 2.4 ìgbà yẹn ni 90919-02244, tẹ́ ẹ bá sì wo méjèèjì nínú fọ́tò tí wọ́n fi polówó, ẹni tí ò bá mọ̀ ọ́n á ní ìbejì ni wọ́n. Ẹ ya nọ́ńbà yẹn ní fọ́tò, òun ni kẹ́ ẹ fi wá ọjà, ẹ jìnnà sí "coil for Toyota".

Ibi tí ẹ̀dínwó tòótọ́ wà rèé, ibẹ̀ sì ni mo ti rí owó fi pamọ́ jù. Toyota kọ́ ló ń fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe ọ̀pọ̀ nínú àwọn nǹkan yìí. Denso ló ń ṣe kọ́ìlì yẹn fún un, abẹ́ Toyota ni Denso wà tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó yà á sọ́tọ̀ ní 1949. Aisin ń ṣe pọ́ọ̀ǹpù omi, KYB ń ṣe ṣọ́ọ̀kì. Kọ́ìlì tó wà nínú páálí Toyota àti èyí tó wà nínú páálí Denso, ilé kan náà ni wọ́n ti jáde, orúkọ ara páálí lẹ ń san owó lé lórí. Torí náà tẹ́ ẹ bá ti mọ ẹni tó ṣe ti àtijọ́ tó wà lára mọ́tò yín, orúkọ ẹni yẹn ni kẹ́ ẹ máa wá. Tẹ́ ẹ bá wá rí páálí Toyota tuntun tí owó ẹ̀ fi ìlọ́po mẹ́ta rẹlẹ̀ sí ti Denso, ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò, ta ló ń ta ọjà ẹ̀ báyẹn? Ayédèrú ni, kò ní àríyànjiyàn. Plọ́ọ̀gì ni wọ́n ń fi ṣe èèyàn jù. Plọ́ọ̀gì iridium gidi, ṣóńṣó àárín ẹ̀ tín-ín-rín, kò tó mílímítà kan, tí tiyín bá ki pọ̀tọ̀ tí wọ́n wá kọ iridium sí i lára, ẹ̀yin àti ẹni tó tà á lẹ ní ọ̀rọ̀ sọ.

Nọ́ńbà kejì tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ ni ti mọ́tò fúnra ẹ̀, VIN, tí àwa ń pè ní nọ́ńbà ṣásí. Ẹ wo gíláàsì iwájú lápá dírẹ́bà láti ìta, ó wà lórí irin pẹlẹbẹ kan níbẹ̀, ó tún wà lára òpó ilẹ̀kùn, ó wà nínú ìwé mọ́tò náà. Mẹ́tàdínlógún ni, kò sí I, kò sí O, kò sí Q nínú ẹ̀ kí wọ́n má baà ṣì í kà mọ́ 1 àti 0. Ìkẹwàá ló ń sọ ọdún: 5 ni 2005, 8 ni 2008, tó bá di 2010 ó di A. Ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ń sọ ibi tí wọ́n ti ṣe é, 1NX ni tèmi, ìyẹn ni pé Fremont ní California, ilé iṣẹ́ tí Toyota àti General Motors jọ ní nígbà yẹn, Corolla míì tẹ́ ẹ máa rí jẹ́ 2T1, Kánádà nìyẹn. Ẹ lè ní kí ló kàn mí níbẹ̀. Ó kàn yín o, torí Corolla 2005 tí wọ́n ṣe fún Yúróòpù, iná iwájú ẹ̀ àti bọ́ńpà ẹ̀ yàtọ̀ sí ti Amẹ́ríkà, wọ́n á kàn kọ "headlamp Corolla 2005" síbẹ̀ pẹ̀lú fọ́tò tó ń dán, tó bá dé, ihò bóòtù ò ní bára mu láé. Arábìnrin kan tá a jọ ń gbé àdúgbò ra méjèèjì báyẹn, wọ́n kọ̀ láti gbà á padà, ó wà lábẹ́ àtẹ̀gùn wọn dòní.

Mo ní ìbéèrè kan tí mo fi ń dán àwọn tó ń tajà wò. Màá kí wọn dáadáa, màá ní, "Ọ̀gá mi, ẹ kú ọjà o, ṣé ẹ ní timing belt Corolla 2005, 1.8?" Ẹni tó bá sáré dáhùn pé, "A ní in, sà, original Japan, ẹ sanwó ká gbé e," ọ̀rọ̀ ti parí láàárín wa. Ṣéènì ni ẹ́ńjìnnì yẹn ń lò, kò ní timing belt láti ilé tí wọ́n ti ṣe é. Ẹni tó bá ní, "Bọ̀dá, chain ni tiyín ń lò o, àbí fan belt lẹ ní lọ́kàn?", háà, ẹni tèmi nìyẹn, mo ti tọ́jú nọ́ńbà fóònù ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni brékì pádì ẹ̀yìn, ọ̀pọ̀ Corolla ìgbà yẹn tó wá láti Amẹ́ríkà, dúrọ́ọ̀mù ló wà lẹ́yìn wọn, bàtà brékì ni wọ́n ń lò, irú Corolla tí wọ́n ń pè ní XRS ló ní dísíìkì lẹ́yìn. Olówò tó mọṣẹ́ á béèrè kó tó dárúkọ owó. Èyí tó bá tiẹ̀ tún ní kẹ́ ẹ fi VIN ránṣẹ́, ẹ má jẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ yín, kódà tí tiẹ̀ bá fi díẹ̀ wọ́n ju ti ẹlòmíì.

Ní ti tòkunbọ̀ àti tuntun, èrò tèmi rèé, ẹ lè má gbà. Álítánétọ̀, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ AC, dígí ẹ̀gbẹ́, ọwọ́ ilẹ̀kùn, iná, bọ́ńpà, tòkunbọ̀ tí wọ́n tú lára mọ́tò ìlú òyìnbó, tí wọ́n ń pè ní Belgium ní Ládípò, sàn fún mi ju tuntun olówó pọ́ọ́kú tí ò lórúkọ lọ. Ṣùgbọ́n ohunkóhun tó bá ń jẹ tán bí ẹ ṣe ń wa mọ́tò, brékì pádì, bọ́ọ̀lù jọ́ìntì, bẹ́líìtì, fílítà, tuntun ni, kò sí dúnàá-dúrà níbẹ̀. Ta ló mọ iye tí ẹni àkọ́kọ́ ti jẹ nínú ẹ̀?

Ká tó sanwó, mo máa ń ní kí wọ́n gbé páàtì yẹn sórí bébà tí wọ́n kọ déètì òní sí, kí wọ́n ṣe fídíò ẹ̀, kí wọ́n yí i kí n rí nọ́ńbà àti ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá ń bínú sí ìyẹn, ọjà ò sí lọ́wọ́ ẹ̀, fọ́tò ẹlòmíì ló ń tà. Tó bá jẹ́ pé wọ́n máa fi wéèbílì gbé e láti Èkó, ẹ ti sọ ọ́ ṣáájú bí nǹkan ṣe máa rí tí kò bá bá a mu, ẹ sọ ọ́ ní títẹ̀ sí WhatsApp, ẹ má sọ ọ́ lórí ìpè, torí gbogbo ọjà tó bá ti níṣẹ́ iná nínú, ohun tí wọ́n máa sọ ni pé "electrical, no return". Òfin ìjọba àpapọ̀ lórí ìdíje ọjà àti ààbò oníbàárà, FCCPA ti 2018, wà tó fún ẹni tó rajà lẹ́tọ̀ọ́ láti dá ọjà padà láwọn ipò kan, ó dáa kẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ká sọ tòótọ́, àdéhùn tó wà nínú fóònù yín ló máa ń tètè ṣiṣẹ́. Ẹ ṣe fídíò bẹ́ ẹ ṣe ń tú páálí ní páàkì, kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀.

Rírà láti Amẹ́ríkà ńkọ́? Láti ìgbà tí wọ́n ti tú náírà sílẹ̀ ní June 2023, ìṣirò yẹn ti le. Nǹkan fúlẹ́fúlẹ́ tó gbówó lórí nìkan ni mò ń ní kí àwọn èèyàn mi tó wà ní Houston bá mi rà, bíi sẹ́ńsọ̀. Ṣọ́ọ̀kì àti dísíìkì, ẹ má dán an wò, kílò á jẹ gbogbo èrè yẹn. RockAuto, ìsọ̀ páàtì orí íntánẹ́ẹ̀tì kan ní Amẹ́ríkà, dáa fún wíwo nọ́ńbà àti iye kódà tẹ́ ẹ ò bá ní rà níbẹ̀, àmọ́ ẹ ṣọ́ nǹkan méjì: ilé ìkẹ́rùsí tó yàtọ̀ síra ni ọjà wọn ti ń wá, tẹ́ ẹ bá mú nǹkan mẹ́ta láti ibi mẹ́ta, owó ìgbẹ́rù mẹ́ta lẹ máa san, ẹ wá èyí tó wà níbì kan náà. Èkejì ni "core", owó tí wọ́n ń fi kún un tí wọ́n á dá padà tẹ́ ẹ bá dá páàtì àtijọ́ padà fún wọn. Ta ló fẹ́ gbé álítánétọ̀ tó ti kú láti Ìbàdàn lọ Amẹ́ríkà? Ẹ kà á mọ́ owó ọjà.

Tó bá jẹ́ P0171 ni ẹ̀rọ ayẹ̀wò yín pè, kóòdù tó ń sọ pé atẹ́gùn pọ̀ ju epo lọ nínú ẹ́ńjìnnì, tí wọ́n wá ní kẹ́ ẹ ra MAF, sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn atẹ́gùn tó ń wọnú ẹ́ńjìnnì, 22204-22010 ni ti Corolla mi, ẹ kọ́kọ́ ra oògùn tí wọ́n ń fín sí i, MAF cleaner, ẹ tú u, ẹ fín in, ẹ má fọwọ́ kan wáyà tín-ín-rín inú ẹ̀, ẹ jẹ́ kó gbẹ. Ẹ wo rọ́bà tó gbé atẹ́gùn lọ sínú ẹ́ńjìnnì náà bóyá ó ti ya. Lẹ́yìn ìyẹn lẹ lè wá sọ̀rọ̀ ríra.

Ó ku mẹkáníìkì. Inú ọ̀pọ̀ wọn kì í dùn tẹ́ ẹ bá gbé páàtì wá fúnra yín, èmi ò sì bá wọn jà, èrè díẹ̀ tí wọ́n ń jẹ lórí ọjà lẹ ti gbà lọ́wọ́ wọn. Tèmi wò mí lọ́jọ́ kan, ó ní, "Bọ̀dá, ẹ̀yin náà ti di mẹkáníìkì nìyẹn, tí nǹkan yìí bá bàjẹ́ mi ò sí ńbẹ̀ o." Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ má bínú, iṣẹ́ ọwọ́ yín ni mo wá rà." Mo fi kún owó iṣẹ́ ẹ̀, tayọ̀tayọ̀ ló fi dì í. Láti ìgbà yẹn òun gan-an ló ń pè mí pé kí n bá òun wo nọ́ńbà páàtì oníbàárà òun lórí fóònù. Tó bá ti dì í tán, ẹ má jẹ́ kó ju ti àtijọ́ nù, ẹ gbà á, ẹ jù ú sínú búùtù títí tuntun á fi ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, torí tí tuntun bá kọṣẹ́, nọ́ńbà ara ti àtijọ́ yẹn lẹ máa fi bá ẹni tó tà á fún yín sọ̀rọ̀.