Ibi Tí OOP Ti Wúlò fún Mi, àti Ibi Tí Kò Ti Wúlò

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé object-oriented programming (OOP), ìyẹn ọ̀nà kíkọ prógírámù tí ìsọfúnni àti iṣẹ́ tí wọ́n ń fi ṣe ti wà pa pọ̀, máa ń sọ iṣẹ́ oṣù mẹ́ta di ti oṣù kan, ẹ bi í pé ibo ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n. Ní 1999, Potok, Vouk àti Rindos gbé èsì ìwádìí jáde lórí àwọn iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà IBM. Wọn ò rí i pé àwọn tó lo OOP yára ju àwọn tó ń kọ kóòdù lọ́nà àtijọ́ lọ. Síbẹ̀ mo ń lò ó, mo sì mọ ìdí.

Màmá kan tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, níbí ní Abẹ́òkúta, ló gbé iṣẹ́ wá fún mi. Ẹlòmíràn ló kọ prógírámù tí wọ́n ń lò. Ìbéèrè kan náà nípa irú àdìrẹ, "ṣé ẹlẹ́kọ ni, àbí oníko, àbí alábẹ́rẹ́?", wà nínú kóòdù rísíìtì, ó wà nínú ti ọjà tó kù nílẹ̀, ó tún wà nínú ìṣirò èrè ìparí oṣù. Kò sí wàhálà títí Màmá fi bẹ̀rẹ̀ sí ta bùbá tí wọ́n ti rán tán. Ọ̀pá ni wọ́n fi ń ta aṣọ, ẹyọ ni wọ́n fi ń ta bùbá. Wọ́n tún kóòdù rísíìtì ṣe, wọn ò rántí ti èrè, ló bá di pé ìwé ìparí oṣù ń ka bùbá kan sí ọ̀pá kan. Màmá ní, "Ọmọ mi, ẹ̀rọ yìí ń purọ́ mọ́ mi o."

Mo sọ irú ọjà kọ̀ọ̀kan di class tirẹ̀, ìyẹn àpẹẹrẹ tó ń sọ ohun tí ọjà náà ní àti ohun tó lè ṣe. Ẹlẹ́kọ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣírò owó tirẹ̀, bùbá náà mọ tirẹ̀. Rísíìtì ò bèèrè irú ọjà tó jẹ́ mọ́. Á kàn pe ọjà.iye(), ìyẹn àṣẹ pé kí ọjà ṣírò owó tirẹ̀, á gba èsì, á tẹ̀ ẹ́ síwèé. Nígbà tí fìlà àdìrẹ dé, fáìlì kan ni mo kọ kún un, mi ò fọwọ́ kan rísíìtì rárá. Iye ọ̀pá tó kù nílẹ̀ náà, inú object, ìyẹn ọjà kan gan-an tí wọ́n fi class ṣe, ni mo fi pamọ́ sí. Tí wọ́n bá ń tajà, tà() nìkan ló lè dín in kù, tà() kì í sì í gbà bí ohun tí oníbàárà fẹ́ bá ju èyí tó wà nílẹ̀ lọ. Ṣáájú ìgbà náà, ọmọ ṣọ́ọ̀bù lè tẹ nọ́ńbà kan báyìí kí kọ̀ǹpútà máa sọ pé ọ̀pá -4 ló kù. Ta ló rí irú aṣọ bẹ́ẹ̀ rí?

Àmọ́ nígbà tí Màmá ní òun fẹ́ ṣe ẹ̀dínwó fún àwọn tó ń rà á lọ tà l'Ékòó, tí ẹ̀dínwó ẹlẹ́kọ yàtọ̀ sí ti fìlà, gbogbo class ni mo ní láti ṣí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tí mo rí dìmú níbẹ̀ nìyí: bó bá jẹ́ irú ọjà ló ń pọ̀ sí i, OOP á gbè yín, bó bá jẹ́ iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe lórí àwọn ọjà kan náà ló ń pọ̀ sí i, function lásán, ìyẹn kóòdù iṣẹ́ kan tó dá dúró láìsí nínú class, sàn jù. Kò yà mí lẹ́nu. Ní Nọ́rwèy, láàárín àwọn ọdún 1960, Dahl àti Nygaard ṣe Simula, èdè kọ̀ǹpútà tí OOP ti bẹ̀rẹ̀, láti fi kọ̀ǹpútà ṣe àfarawé ohun tó ń lọ láyé, níbi tí oríṣiríṣi nǹkan ti ń hùwà lọ́nà tirẹ̀.

Inheritance, ìyẹn kí class kan jogún ohun tó wà nínú class mìíràn, ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù. Ní 1996, Daly àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kí àwọn èèyàn tún prógírámù ṣe. Àwọn tí tiwọn ní ìpele ìjogún 3 tètè parí ju àwọn tí tiwọn ò ní inheritance lọ, ṣùgbọ́n nígbà tó di ìpele 5, àǹfààní yẹn ò sí mọ́. Èmi kì í kọjá ìpele 2.

Kí ẹ tó pinnu, ẹ ṣí git, ohun èlò tó ń tọ́jú ìtàn àtúnṣe kóòdù, kí ẹ wo àwọn àtúnṣe tí ẹ ṣe gbẹ̀yìn. Bí àtúnṣe kékeré kan bá kan fáìlì púpọ̀, ẹ wá ìbéèrè tó ń tún ara rẹ̀ ṣe nínú wọn, kí ẹ ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Kóòdù kékeré tó kàn ń ka fáìlì Excel lẹ́ẹ̀kan lóṣù ò nílò class kankan; ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà.