Kí ẹ tó gbé kámẹ́rà jáde, ẹ̀yin àbúrò mi

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ iṣẹ́ ìròyìn n'Ìbàdàn, ẹ̀yin tí ẹ wà ní rédíò, ẹ̀yin tí ẹ ń ya fídíò fún YouTube, àtẹ̀yin agùnbánirọ̀ tí wọ́n pín sí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ohun tí iṣẹ́ yìí kọ́ mi ni pé ẹni tó kéré jù lọ́fíìsì ni wọ́n sábà máa ń rán lọ síbi tí ìjà ti bẹ́. Òun kan náà ni kì í sì í sí ẹni tó máa bi í pé, "Níbo lo wà báyìí?"

Agùnbánirọ̀ ni Precious Owolabi. Ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Channels ló ti ń sin ilẹ̀ bàbá rẹ̀ l'Abuja. Lọ́jọ́ 22 oṣù Keje ọdún 2019, ó lọ síbi ìwọ́de àwọn ẹlẹ́sìn Shi'a, wàhálà ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn àti ọlọ́pàá, ọta ìbọn bà á, ó sì kú. Ọmọ ogún ọdún ni Pelumi Onifade tó ń ṣiṣẹ́ fún Gboah TV. Lọ́jọ́ 24 oṣù Kẹwàá ọdún 2020, lásìkò EndSARS, àwọn agbófinró task force ìpínlẹ̀ Èkó mú un l'Ágége níbi tó ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn ẹbí rẹ̀ wá a títí, mọ́ṣúárì ní Ìkòròdú ni wọ́n ti rí òkú rẹ̀. Ẹ wo ọjọ́ orí wọn. Ẹgbẹ́ yín ni.

Tí a bá ń sọ̀rọ̀ akọ̀ròyìn tí wọ́n pa nílẹ̀ yìí, Dele Giwa ni ẹnu máa ń kọ́kọ́ lọ bá, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Bọ́ǹbù inú lẹ́tà ni wọ́n fi pa á n'Íkẹjà lọ́jọ́ 19 oṣù Kẹwàá ọdún 1986, títí di òní wọn ò rán ẹnikẹ́ni lẹ́wọ̀n lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀gá ni Giwa, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n. Àwọn tí mò ń dárò báyìí ni àwọn tí orúkọ wọn kò tíì kọjá àdúgbò kí ikú tó dé.

Ohun kan wà tó jẹ́ kí tiwa le ju ti àwọn tó ń ti Èkó tàbí òkè òkun wá. Ẹni tó wá láti Èkó yóò ya àwòrán rẹ̀, yóò wọkọ̀ padà. Ẹ̀yin lẹ máa pàdé ẹni tí ẹ yà ní Bódìjà lọ́la. Ó mọ ilé yín, ó sì lè jẹ́ pé ilé ẹ̀kọ́ kan náà ni ọmọ yín àti ọmọ tiẹ̀ jọ ń lọ.

Nígbà tí ìjà ọjà Sásá bẹ́ ní oṣù Kejì ọdún 2021, tí wọ́n ń dáná sun ṣọ́ọ̀bù àti ilé, ìyá aláta kan ló kọ́ mi lọ́gbọ́n. Mo fẹ̀yìn ti ògiri, mo fẹ́ gbé fóònù sókè. Ìyá ní, "Ọmọ mi, tọ́jú nǹkan yẹn ná. Àwọn tó ń bọ̀ yẹn ò mọ̀ bóyá ọlọ́pàá ló rán ẹ." Òótọ́ ni. Ẹni tó mú àdá lọ́wọ́ kì í ka ohun tí wọ́n kọ sí àyà jákẹ́ẹ̀tì. Fóònù ló ń rí, ó sì mọ̀ pé bí ojú òun bá ti wọnú rẹ̀, ó lè gbé òun dé ilé ẹjọ́. Láti ìgbà náà, ẹni tó mọ àdúgbò ni mo máa ń kọ́kọ́ wá. Ó lè jẹ́ bàbálọ́jà, ó lè jẹ́ ọlọ́kadà tó mọ gbogbo kọ̀rọ̀. Ọlọ́kadà yẹn á ti kọ orí ọ̀kadà sí ọ̀nà tí a máa gbà jáde kó tó paná ẹ̀. Etí èrò ni mo máa ń dúró sí, n kì í wọ àárín. Bí mo bá sì ti ń yà ni mò ń fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì. Tí wọ́n bá ní kí n mú fóònù wá, màá fún wọn.

Ìbọn lè dákẹ́ kí ewu má tíì kúrò níbẹ̀. Enenche Akogwu ti Channels fẹ́ fọ̀rọ̀ wá àwọn tí ìkọlù ṣojú wọn lẹ́nu wò ní Kano ni, lọ́jọ́ 20 oṣù Kíní ọdún 2012, tí àwọn agbébọn fi yìnbọn pa á. Ilé ẹni pàápàá kì í ṣe ibi ìsádi nígbà gbogbo: inú ilé ni wọ́n ti pa Bayo Ohu ti The Guardian l'Ékòó ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2009. Nítorí náà, ẹ má ṣe máa gbé àwòrán iwájú ilé yín sórí Facebook.

Ní báyìí, ẹ̀yin ọ̀gá olóòtú, mo mọ̀ pé ẹ ń gbọ́. UNESCO sọ ní ọdún 2024 pé nínú 100 akọ̀ròyìn tí wọ́n bá pa láyé, ti nǹkan bí 85 kì í ní ìdájọ́. A ò lágbára lórí adájọ́, ṣùgbọ́n a lágbára lórí ẹni tí a rán níṣẹ́. Ó dùn mí gidigidi pé à ń rán ọmọ ọlọ́mọ lọ sí gáréèjì tí wọ́n ti ń jà láìsí káàdì ìdánimọ̀, láìsí owó ọkọ̀ tó lè gbé e sá.

Ẹ̀yin àbúrò mi, kí ẹ tó jáde, ẹ bi ọ̀gá yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ló máa máa pè mí láago? Bí mo bá fara pa, ta ló máa sanwó ilé ìwòsàn?" Bí kò bá rí èsì fún yín, ẹ má lọ. Bó bá ní òun máa lé yín, ẹ wá sí Press Centre ẹgbẹ́ akọ̀ròyìn NUJ ní Ìyágankú kí ẹ fi tó wọn létí, kí ẹ sì pè mí, bó ti wù kí ilẹ̀ ti ṣú tó. Èmi fúnra mi màá lọ bá ọ̀gá náà.