Ìwé àwìn Àǹtí mi

Àbúrò ìyá mi ni, àmọ́ ọdún márùn-ún péré ló fi jù mí lọ. Agbolé kan náà ni wọ́n ti tọ́ wa dàgbà lẹ́yìn ọjà Òjé ní Ìbàdàn, orí ẹní kan la jọ ń sùn, bí mo bá sì tọ̀ sílé, òun ló máa ń yí ẹní náà padà kí ilẹ̀ tó mọ́ kí wọ́n má bàa rí i. Lójú àwọn èèyàn, Àǹtí ni mo ń pè é. Tó bá ku àwa méjì, Àbẹ̀kẹ́ ni. Ká ní ìyá mi gbọ́ ọ lọ́jọ́ kan ni, ìfọ́tí ọjọ́ yẹn ì bá máa dún létí mi títí dòní.

Oṣù kọkànlá ọdún 2018 ló kú. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ó ní orí ń fọ́ òun lálẹ́, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun sùn díẹ̀. Nígbà tí oòrùn ọjọ́ kejì yóò fi wọ̀, a ti sin ín. Mi ò fẹ́ sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí ìyẹn. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni ohun tó tẹ̀ lé e, torí mo ṣe àwọn àṣìṣe kan níbẹ̀ tí mi ò fẹ́ kí ẹlòmíràn ṣe.

Ẹ wò ó, wákàtí méjì gbáko la fi jókòó jiyàn lórí aṣọ tí a máa wọ̀ nígbà fídáù ọjọ́ kẹjọ. Àwọn kan ní àwọ̀ ewé, àwọn kan ní àwọ̀ ojú ọ̀run. Léèsì la padà rà. Obìnrin tó fi ọgbọ̀n ọdún ta aṣọ òkè, tí kì í fi ojú rere wo léèsì rárá, léèsì la wọ̀ nítorí rẹ̀! Ó di bí oṣù mẹ́ta kí ọ̀rọ̀ náà tó yé mi, èmi nìkan sì bú sẹ́rìn-ín nínú ọkọ̀ akérò tó ń gòkè Bẹẹrẹ, àwọn èrò ń wò mí bí ẹni tí nǹkan ń ṣe.

A tún ṣe abọ́ oníke tí àwòrán rẹ̀ wà nídìí rẹ̀, tí a fi ta àwọn àlejò lọ́rẹ. Ọ̀kan ṣẹ́kù nínú ilé ìdáná mi. Èlùbọ́ ni mò ń bù sínú rẹ̀. Bí mo bá ti fọ̀ ọ́ tó, bẹ́ẹ̀ ni ojú rẹ̀ ń họ. Imú ló kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn náà etí ọ̀tún pẹ̀lú yẹtí. Gèlè nìkan ló kù tó ṣì hàn kedere báyìí. Mi ò ní ẹ má ṣe ìnáwó fún òkú yín o, ọmọ Ìbàdàn ni mí, mo mọ ohun tí ojú ẹbí ń wá. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí a ra láti fi rántí rẹ̀, kò sí èyí tó mú mi rántí rẹ̀ nínú wọn. Àwọn ohun tí òun fúnra rẹ̀ ń lò ló ń mú mi rántí rẹ̀, àwọn yẹn gan-an ni mi ò sì tọ́jú.

Ohùn rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ sọnù. Àǹtí mi kì í tẹ nǹkan sórí fóònù, ó ní àwọn lẹ́tà yẹn kéré jù fún ojú òun. Ohùn ló máa ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Láàárọ̀, lọ́sàn-án, nígbà tó bá wà nídìí ọjà tí kò sí oníbàárà. Wàá máa gbọ́ ariwo ọjà lẹ́yìn rẹ̀, wàá gbọ́ ibi tó ti dá ọ̀rọ̀ dúró láti sọ fún ẹnì kan pé "rárá o, owó tí mo rà á gan-an nìyẹn," yóò wá padà sórí ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ mi tó ń bá mi sọ. Irú rẹ̀ tó wà lórí fóònù mi lé ní igba. Ní ọdún 2020, fóònù náà ní òun ti kún, òun ò lè gba fọ́tò mọ́. Mo lọ síbi tí nǹkan pọ̀ sí jù, mo fi ìka kan pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Ìgbà tí mo jí lọ́jọ́ kejì ni mo mọ ohun tí mo ṣe.

Torí náà, bí ẹ bá ní ohùn èèyàn yín tó ti lọ lórí fóònù, lónìí ni kí ẹ gbé e kúrò níbẹ̀. Ẹ fi ránṣẹ́ sí ímeèlì ara yín, ẹ fún ọmọ kan nílé lẹ́yọ kan tirẹ̀, ẹ kó o sórí kọ̀ǹpútà ẹni tó ní. Ibi méjì, ó kéré tán. Kódà bí ẹni náà ṣì wà láyé, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú ohùn rẹ̀ láti ìsinsìnyí, ẹ má sọ fún un.

Nígbà tí ohùn yẹn lọ, mo ní kí n pe nọ́ńbà rẹ̀. Mi ò mọ ohun tí mò ń retí. Ó dún. Àyà mi já. Ọmọkùnrin kan ló gbé e: "Hẹlò, ta nìyẹn?" Mi ò lè sọ̀rọ̀. Ó ní, "Màmá, bóyá ẹ ṣi nọ́ńbà ni." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo ṣì í. Ó ní, "Kò burú, mà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń pè é, tí wọ́n á sì dákẹ́." Ọ̀rọ̀ yẹn ló pa mí lẹ́kún, pé kì í ṣe èmi nìkan ni mo ń pè é.

Ẹ̀yìn náà ni mo tó mọ̀ pé bí síìmù bá ti lo oṣù mẹ́fà láìpe ẹnikẹ́ni, láìra dátà, wọ́n lè ti í pa, bó bá sì tún pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ sí i, wọ́n lè gbé nọ́ńbà náà fún ẹlòmíràn. Àkáǹtì WhatsApp gan-an, bí ẹnikẹ́ni ò bá ṣí i fún ọgọ́fà ọjọ́, wọ́n sábà máa ń pa á rẹ́. Káàdì ọgọ́rùn-ún náírà lẹ́ẹ̀kan lóṣù méjì-mẹ́ta, ìpè kan ṣoṣo, ì bá ti tó láti má jẹ́ kí nọ́ńbà náà lọ. Àwa ná owó rẹpẹtẹ lórí léèsì.

Ti Facebook yàtọ̀. Àwọn tí ò gbọ́ pé ó ti kú ṣì ń kọ "ẹ kú ọjọ́ ìbí, ẹ ó pẹ́ fún wa" sí ojú ewé rẹ̀ lọ́dọọdún. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló fi ìwé ẹ̀rí ikú ránṣẹ́ sí wọn tí wọ́n fi yí i padà sí ti ẹni tó ti lọ. Ẹ tètè lọ gba ìwé ẹ̀rí náà lọ́dọ̀ àjọ tó ń forúkọ ìbí àti ikú sílẹ̀, báńkì náà yóò bèèrè rẹ̀. Ó tán lórí ìyẹn.

Ìwé àwìn ló kàn.

Ní ojú oórì ni Áfáà ti kéde bí wọ́n ṣe máa ń kéde, pé ẹni tí olóògbé bá jẹ lówó àti ẹni tó bá jẹ olóògbé lówó, kó wá bá ẹbí. Gbèsè òkú ni wọ́n kọ́kọ́ ń san kí wọ́n tó pín ogún. Ló bá di pé kí a wá ìwé tó ń kọ àwìn sí. Abẹ́ ìdì aṣọ la ti rí i, ìwé ẹlẹ́yìn líle kan tí òróró àkàrà ti ta sí. Wọ́n ní kí n kà á torí èmi nìkan ni mo lè ka ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀. Orúkọ ò sí níbẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ nìyí:

"Ìyá elékuru Bẹẹrẹ, gèlè àlàárì kan, 2,500."

"Ọkọ ìyàwó tó ń kólòlò, fìlà méjì, 3,000."

"Ọmọ Ìsẹ́yìn ẹlẹ́rìn-ín, èmi ni mo jẹ ẹ́, 18,000."

Ojú ewé bí ogójì ló lọ báyẹn. Mo ń kà á, mò ń gbọ́ ohùn rẹ̀. A san ti ọmọ Ìsẹ́yìn nígbà tí ọjọ́ ọjà pé. Àwọn tó jẹ ẹ́ ńkọ́? A rán ọmọ kan kó lọ máa bèèrè owó náà lọ́wọ́ wọn. Bí obìnrin kan ní Yemẹtu ṣe wá sílé wa tẹkún-tẹkún nìyẹn, tó gbé owó dání. Ó ní Àǹtí ti ní kí òun má san án mọ́, àmọ́ bí ẹbí bá ti bèèrè, òun ò lè jiyàn. Mo ṣí ìwé padà. Ní ẹ̀gbẹ́ ibi tó kọ tirẹ̀ sí, ó ti fi báírò pupa kọ ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́ méjì: "Má bèèrè." Mo ti rí i tẹ́lẹ̀, mo rò pé ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé kó má bèèrè lọ́jọ́ yẹn ni. Irú rẹ̀ méje ló wà nínú ìwé náà. Opó ni obìnrin yìí. Gèlè tó wé nígbà ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ ni gbèsè náà, ọkọ rẹ̀ sì ti kú kó tó lè san án.

Mo dọ̀bálẹ̀ fún un, èmi obìnrin. Ìkúnlẹ̀ ò tó.

Bí ẹ bá fẹ́ pín ẹrù òkú tàbí kó o dànù, ẹ fara balẹ̀. Ẹ ka gbogbo bébà kí ẹ tó rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kà nípa rẹ̀ lọ́jọ́ fídáù, "oníwà pẹ̀lẹ́, ọ̀làwọ́," kò sí ẹni tí wọn kì í kà á sí lórí. Ìwé àwìn yẹn ló jẹ́ kí n mọ ọ̀làwọ́ tí wọ́n ń wí. Òun tí a jọ sùn lórí ẹní kan, kò sọ ọ̀kan nínú méje yẹn fún mi rí.

Lẹ́yìn èyí ni mo gbọ́n. Mo kó gbogbo fọ́tò àtijọ́ wa lọ bá ìyá wa àgbà tó kù nínú agbolé, mo ní kí wọ́n sọ ẹni tí kálukú jẹ́, mo ń fi bíró kọ ọ́ sẹ́yìn fọ́tò níṣojú wọn. Mo tún ní kí wọ́n ki Àbẹ̀kẹ́ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, mo gbé fóònù sílẹ̀ kó máa ká a. Ewúrẹ́ ń ké lẹ́yìn, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń dún, màmá dákẹ́ lẹ́ẹ̀mejì láti nu ojú. Ó kù díẹ̀ kí ọdún náà parí ni màmá náà lọ. Kò sí ẹlòmíràn tó mọ oríkì ilé wa dé ìdajì níbi tí wọ́n mọ̀ ọ́n dé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àlá. Àwọn àgbà máa ń sọ fún òkú pé ó dojú àlá. Gbogbo èèyàn ló rí Àǹtí mi lójú àlá: ọmọ rẹ̀ rí i, ọkọ rẹ̀ rí i, obìnrin tó ń ta ẹ̀fọ́ lẹ́nu ọ̀nà rí i tó ń rẹ́rìn-ín nínú aṣọ funfun. Èmi ò rí i. Ó ń dùn mí, ó ń ṣe mí bí ẹni pé ó ń bínú sí mi lórí àwọn ohùn tí mo pa rẹ́. Títí di bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, mi ò tíì rí i. Bí tiyín náà bá rí bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ìbínú. Ẹ sùn.

Bákan náà, nígbà tí ọmọ rẹ̀ bí obìnrin ní ọdún 2021, gbogbo ilé pariwo Yétúndé. Inú mi dùn. Àmọ́ mo ti ń rí i tí wọ́n ń sọ fún ọmọ ọdún mẹ́ta pé "ìyá àgbà kì í sunkún báyìí." Ẹ fi ọmọ sílẹ̀ kó sunkún tirẹ̀.

Ohun tó le jù fún mi ni ọjà Òjé. Ìtàdógún ni wọ́n ń ná an, èyí tó jẹ́ ọjọ́ mẹ́rìndínlógún bí ẹ bá fi kàlẹ́ńdà kà á, tó fi ń bọ́ sí bí ẹ̀ẹ̀mẹ́tàlélógún lọ́dún. Àwọn mìíràn ń ṣe ìrántí òkú wọn lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Tèmi ń dé lójú ọ̀nà ilé mi ní gbogbo ìtàdógún, pẹ̀lú àwọn ahunṣọ láti Ìsẹ́yìn, Ọ̀yọ́ àti Ìlọrin, tí wọ́n ti ń dé láti ọjọ́ tó ṣáájú. Ọdún kan gbáko ni mo fi ń gba ẹ̀yìn Yemẹtu lọ bí ọjọ́ ọjà bá ti pé. Ó rẹ̀ mí. Lọ́jọ́ kan, mo gbéra nídàájí, mo wọ inú ọjà náà. Wọ́n ti tẹ́ aṣọ sílẹ̀, ẹtù dúdú bí aró, àlàárì pupa, sányán aláwọ̀ ilẹ̀. Mo jókòó síbi tó máa ń jókòó sí. Bàbá ahunṣọ kan fi sányán lé mi lọ́wọ́, kò sọ nǹkan kan. Mo fi àtàǹpàkò pa á láàárín ìka mi bó ṣe máa ń ṣe, láti mọ̀ bóyá òwú kòkòrò ni tàbí òwú dídán tí wọ́n pa láró. Ìka mi mọ̀ ọ́n. Mi ò mọ ìgbà tí wọ́n kọ́ ọ.

Mo ti ń lọ láti ìgbà náà, kì í ṣe gbogbo ọjà, àmọ́ mo ń lọ. Ìwé àwìn náà ń bá mi lọ nínú báàgì. Lẹ́yìn ọdún Iléyá tó kọjá, ọkùnrin kan dúró síwájú mi, ó na ẹgbẹ̀ẹ́dógún náírà sí mi, ó ní, "Ẹ̀ ẹ́, ẹ̀yin lẹ m-m-mọ Ìyá Aláṣọ tó máa ń jókòó síbí? Fì-fìlà méjì ni." Ó ti bí ọmọ mẹ́ta. Mo gba owó náà, torí kò sí "má bèèrè" ní ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀. Mo sún sí ẹ̀gbẹ́ kan lórí àpótí, mo ní kó jókòó, kó sọ bí wọ́n ṣe ná an lọ́jọ́ yẹn fún mi.