Ìṣubú tí kò wọ̀wé

Mo ṣubú lórí kẹ̀kẹ́ láàárọ̀ yìí. Mọ́tò kankan ò kọ lù mí. Iyanrìn ló wà ní kọ́nà. Bí mo ṣe fẹ́ yà, mo fún bíréèkì iwájú, taya bá yọ̀ lábẹ́ mi bí ọṣẹ. Kí n tó mọ̀, ìgbọ̀nwọ́ ọ̀tún mi ti bó, pẹ́dà kan sì ti tẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń kọjá ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ṣé kò sí?" Mo ní kò sí. Irọ́ ni, ó ń ta mí bí ata.

Ìgbà tí mo ń fi omi fọ ojú egbò ló ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ sí mi lọ́kàn pé jàǹbá tèmi yìí ò ní wọ ìwé kankan. N ò pe ọlọ́pàá, n ò sì dé ilé ìwòsàn. Lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, tí ẹnì kan ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ lójijì tí mo fi àyà gbá a, ọlọ́pàá kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí pé mọ́tò wà níbẹ̀. Ẹni tó dá ṣubú, ta ló fẹ́ kà á?

Ìdí nìyí tí mo fi ń fura sí ọ̀rọ̀ "jàǹbá kẹ̀kẹ́ ti pọ̀ sí i nílùú." Ó lè pọ̀ lóòótọ́. Àmọ́ bí èèyàn 200 bá ń gun kẹ̀kẹ́ tí 20 fara pa, tí wọ́n wá di 1,000 tí 60 fara pa, èwo ló burú jù? Olùwádìí kan tó ń jẹ́ Peter Jacobsen kọ ọ́ lọ́dún 2003 pé bí àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ bá di ìlọ́po méjì, iye ìfarapa kì í di ìlọ́po méjì. Bí ìdá kan nínú mẹ́ta ló fi ń lé. Ó ní àwọn awakọ̀ máa ń rọra tí wọ́n bá ń rí kẹ̀kẹ́ káàkiri. Mo gbà, àmọ́ n ò rò pé ojú awakọ̀ nìkan ló ṣe é. Ibi tí kẹ̀kẹ́ bá ti pọ̀ ni wọ́n ti ń la ọ̀nà fún un.

Ẹ wo Nẹ́dálándì. Lọ́dún 1971, èèyàn tó lé ní 3,000 ló kú lójú títì wọn, ọmọdé lé ní 400 nínú wọn. Àwọn òbí fárí gá, wọ́n dí títì, ìjọba sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya ọ̀nà kẹ̀kẹ́ sọ́tọ̀. Ikú náà wálẹ̀ gan-an. Síbẹ̀, lọ́dún 2017, 206 ló kú lórí kẹ̀kẹ́, 201 ló kú nínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ti kẹ̀kẹ́ máa borí. Inú ọkọ̀ ti láàbò ju ti àtijọ́ lọ, àwọn àgbàlagbà sì ti gorí kẹ̀kẹ́ oníbátìrì, wọ́n ń rìn jìnnà, wọ́n ń sáré, eegun wọn ò sì gba ìṣubú mọ́. Nígbà kan, ọmọ tí mọ́tò gbá là ń sunkún rẹ̀. Ní báyìí, bàbá arúgbó tó dá ṣubú náà ti wà lára àwọn tí à ń sunkún.

Èmi náà kì í ṣọmọdé mọ́, ìgbọ̀nwọ́ yìí sọ fún mi.

Nírọ̀lẹ́, mo fi ọwọ́ òsì mú ìgbálẹ̀, mo padà sí kọ́nà yẹn, mo gbá iyanrìn náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Obìnrin kan bi mí pé kí ló sọnù.