Orúkọ Àǹtí Kò Sí fún Títà: Àyẹ̀wò Ọdún Mi

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń ka ọ̀rọ̀ mi bọ̀ mọ̀ pé tí ọdún bá ti ń parí lọ, mo máa ń sọ ohun tí mo rí nídìí òwò aṣọ àti ohun ẹ̀ṣọ́: gèlè tó gbòde, báàgì tí gbogbo ènìyàn ń lé kiri, ìlẹ̀kẹ̀ tó padà sí ọrùn àwọn ọmọge. Lọ́dún yìí, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló gba gbogbo àyè lọ́kàn mi. Àǹtí wa, tí wọ́n ń rán gèlè tà ní Gbági, papòdà ní oṣù Karùn-ún, a kò sì tíì ṣe ogójì ọjọ́ wọn tí oníṣòwò kan fi ti Èkó wá bá wa ní Ìbàdàn pé òun fẹ́ ra orúkọ ìsọ̀ wọn. Ó ní àwọn ẹ̀rọ ìránṣọ kò wúlò fún òun, àwọn ọmọ iṣẹ́ kò sì sí nínú ìṣirò òun. Orúkọ ni òun ń wá, kí òun lè máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ gèlè àti ìpèlé tí òun yóò máa kó wọlé láti òkè òkun.

Kò yà mí lẹ́nu pé ènìyàn fẹ́ orúkọ náà. Gbogbo ẹni tó ti ra gèlè Àǹtí ní Gbági mọ bí wọ́n ṣe ń rán an. Wọn a gbé aṣọ òkè lé orí igi tí wọ́n gbẹ́ bí orí ènìyàn, wọn a ká pílíìtì rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọn a sì fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ gán an láti abẹ́, tí ojú òwú kankan kò ní hàn síta. Wọn a wá fi òwú funfun tẹ́ inú rẹ̀ kí òógùn má baà ba aṣọ òkè jẹ́, wọn a sì fi okùn méjì sí ẹ̀yìn kí ó lè bá orí ńlá àti orí kékeré mu. Bí ọmọ iṣẹ́ bá gbé gèlè wá fún àyẹ̀wò, ẹ̀yìn ni Àǹtí ń kọ́kọ́ wò, nítorí wọ́n ní gbogbo ayé ni yóò bá àwọn wo iwájú.

Àǹtí kọ́ ló dá gèlè tí a ti dì sílẹ̀, èyí tí àwọn oníbàárà ń pè ní ọ́tò-gèlè, wọn kò sì pe ara wọn bẹ́ẹ̀ rí. Ẹni tí wọ́n máa ń dárúkọ fún gbogbo ọmọ iṣẹ́ tuntun ni Ìyá wa Shade Thomas-Fahm, tí a bí ní 1933, tí wọ́n lọ sí ìlú Ọba ní 1953 láti kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, tí wọ́n sì fi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì sílẹ̀ lọ kọ́ iṣẹ́ aṣọ. Nígbà tí wọ́n padà sí Èkó ní 1960, tí Nàìjíríà ń gba òmìnira, wọ́n ṣí ìsọ̀ sí Federal Palace Hotel, wọ́n sì ń fi aṣọ ilẹ̀ wa rán ohun tí obìnrin tó ń lọ síbi iṣẹ́ lè tètè wọ̀: ìró tó ní síìpù, gèlè tí kò ní kí ènìyàn dúró pẹ́ níwájú dígí. Lásìkò yẹn, ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé ìlú gbà pé aṣọ tó bá ti Lọ́ńdọ̀nù dé ló níyì jù. Lónìí, ọ́tò-gèlè kún Balógun, ó kún Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹni tó ń gbé e sórí kò gbọ́ orúkọ Shade rí. Nígbà tí ilé ọnà Victoria and Albert ní Lọ́ńdọ̀nù ṣí àfihàn aṣọ Áfíríkà ní oṣù Keje 2022, tí iṣẹ́ Ìyá wa sì wà níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé lọ́hùn-ún pe Àǹtí láti ẹnu ọ̀nà ibẹ̀. Inú Àǹtí dùn, ṣùgbọ́n ó dùn wọ́n pé ó di Lọ́ńdọ̀nù kí wọ́n tó pọ́n iṣẹ́ náà lé tó bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ Ìyá wa wà láàyè, orúkọ wọn ni kò bá a rìn. Ohun tí mo sì ń rí lọ́dọ̀ àwọn ilé aṣọ ńláńlá tí wọ́n ń jí dìde ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà yàtọ̀ pátápátá: orúkọ ni wọ́n ń jí, iṣẹ́ ọwọ́ lè sùn síbẹ̀. Mi ò sọ pé gbogbo wọn ni o. Ilé aṣọ Schiaparelli ní Paris bẹ̀rẹ̀ ní 1927, wọ́n tì í ní 1954, orúkọ rẹ̀ sì wà nílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ kí Diego Della Valle, oníṣòwò ọmọ Ítálì, tó rà á. Láti ìgbà tí Daniel Roseberry ti gba iṣẹ́ olórí aránṣọ ibẹ̀ ní 2019, mo gbà pé wọ́n jí i dáadáa, nítorí pé ohun ẹ̀ṣọ́ tó yani lẹ́nu ni wọ́n mọ ilé náà sí láyé àtijọ́, òun náà ni wọ́n sì gbájú mọ́. Ẹyẹ àdàbà aláwọ̀ wúrà tó gbé ẹ̀ka igi ólífì sẹ́nu, tí akọrin Lady Gaga lẹ̀ mọ́ àyà nígbà ìbúra Ààrẹ Biden ní oṣù Kìíní 2021, ọ̀dọ̀ wọn ló ti wá. Ti báàgì Saddle tí ilé aṣọ Dior gbé jáde ní 1999, tí wọ́n sì tún gbé padà ní 2018, ó rẹwà lójú mi, ṣùgbọ́n n kò ní ju ìyẹn lọ láti sọ.

Ti Halston ni mo sọ fún àwọn ẹbí nígbà tí a jókòó lórí ọ̀rọ̀ oníṣòwò náà. Gbajúmọ̀ aránṣọ ará Amẹ́ríkà yìí ta orúkọ ara rẹ̀ fún ilé iṣẹ́ Norton Simon ní 1973. Nígbà tó sì di 1983 tí wọ́n ń fi orúkọ yẹn ta aṣọ olówó pọ́ọ́kú ní ilé ìtajà JCPenney, Bergdorf Goodman, ilé ìtajà àwọn olówó tó ti ń ta ọjà rẹ̀ tipẹ́, kò tà á mọ́. Orúkọ náà ń ti ọwọ́ ilé iṣẹ́ kan bọ́ sí òmíràn, títí Halston fi pàdánù ẹ̀tọ́ láti fi orúkọ tí ìyá àti bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ta aṣọ tí òun fúnra rẹ̀ gé. Ó kú ní 1990, kò rí orúkọ náà gbà padà.

Kò rọrùn láti sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹbí, nítorí owó tí oníṣòwò náà fi lọ̀ wá tó ohun tí a lè fi tún òrùlé ilé ṣe. Ohun tó là wá lójú ni gèlè tó gbé wá fún wa wò. Lébẹ̀ẹ̀lì rẹ̀ dára ju èyí tí Àǹtí ń lò lọ, lẹ́tà rẹ̀ ń tàn yanran. Mo yí i dà wo ẹ̀yìn. Gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ pílíìtì, ó ti ṣàn gbẹ sí ara aṣọ, inú rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀rá tí yóò mú orí gbóná kí wọ́n tó gé kéèkì. Ọmọ iṣẹ́ àgbà gbà á lọ́wọ́ mi, ó wò ó, ó gbé e kalẹ̀, kò sọ nǹkan kan. Bọ̀ọ̀dá, àkọ́bí Àǹtí, ló dá oníṣòwò náà lóhùn pé a dúpẹ́, a kò tà.

Gèlè sányán tí Àǹtí rán fún mi gbẹ̀yìn ṣì wà nínú páálí rẹ̀, mi ò tíì lè gbé e sórí. Mo mọ ohun tí wọn ì bá sọ: wọn ì bá béèrè bóyá páálí ló ń lọ sí òde ìyàwó. Ẹ jẹ́ kí n padà sórí ọ̀rọ̀ ọjà.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ẹ̀yin tí ẹ fi àwòrán gèlè Àǹtí tó wà nínú àpótí yín ránṣẹ́ sí mi, àwọn kan tilẹ̀ ti tó ogún ọdún, pílíìtì wọn kò sì tú. Owó aṣọ òkè ti gòkè gan-an, àwọn ahunṣọ Ìsẹ́yìn náà sì ń ra òwú ní ọ̀wọ́n, nítorí náà mi ò lè ṣèlérí pé iye tí ẹ ti ń ra gèlè tẹ́lẹ̀ ni yóò dúró sí. Ọmọ iṣẹ́ àgbà yóò ṣí ìsọ̀ padà ní oṣù Kejì, bí Ọlọ́run bá fẹ́. A ti fẹnu kò pé orúkọ Àǹtí ni yóò wà lórí lébẹ̀ẹ̀lì, orúkọ ẹni tó rán gèlè náà gan-an yóò sì wà lábẹ́ rẹ̀, kí ẹni tó rà á lè mọ ọwọ́ tó ṣe é. Ẹni tó bá fẹ́ ti Ọdún Àjíǹde kí ó tètè sọ, nítorí ọwọ́ wọn kò tíì pọ̀, a kò sì ní tìtorí ìkánjú lo gọ́ọ̀mù.