Orúkọ ńlá kọ́ ni ẹ̀rọ ìwòsàn ń wá

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ dá ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ìwòsàn sílẹ̀, ẹni tó mọ iṣẹ́ gan-an ni kẹ́ ẹ mú ṣe olùdámọ̀ràn. Àwa tá à ń gbé Àjàṣẹ́, a mọ ohun tó ń jẹ́ iná lọ, torí náà ìtàn yìí ò ní ṣòro yín gbọ́. Oṣù kẹwàá 1957, iná lọ ní Minneapolis ní Amẹ́ríkà, bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọdé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ ọkàn fún wà nílé ìwòsàn yunifásítì níbẹ̀, pacemaker tó ń mú ọkàn wọn lù, iná ara ògiri ló ń lò. Ni dókítà wọn, C. Walton Lillehei, bá lọ bá Earl Bakken, ẹni tó ń bá wọn tún ẹ̀rọ ṣe, pé ṣé kò lè ṣe èyí tó ń lo bátìrì. Láàárín ọ̀sẹ̀ 4 ó ti ṣe é, kékeré báyìí, tọ́mọ lè gbé sára, àwòrán wáyà ẹ̀rọ táwọn olórin fi ń mọ bí orin ṣe ń yára ló sì wò ṣe é o! Medtronic, ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ìwòsàn tẹ́ ẹ̀ ń gbọ́ yẹn, inú gáréèjì lòun àti àna ẹ̀ ti dá a sílẹ̀ ní 1949.

Bakken mọ iná, kò mọ ọkàn. Ẹni tó mọ ọkàn ló sọ ohun tó nílò fún un.

Àmọ́ àwọn ọ̀dọ́ wa kan tó fẹ́ dá ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ìwòsàn sílẹ̀, mínísítà àná, ọba, ọ̀gá báǹkì ni wọ́n ń sáré wá ṣe olùdámọ̀ràn, káwọn olówó lè gbọ́ orúkọ. Ẹ wo Theranos, ilé iṣẹ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà. Elizabeth Holmes dá a sílẹ̀ ní 2003, ó ní ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ látinú ìka lòun máa fi ṣe àyẹ̀wò rẹpẹtẹ. Ta ló wà nínú ìgbìmọ̀ ẹ̀? Henry Kissinger, George Shultz, James Mattis. Mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè àná méjì àti ọ̀gágun kan! Èwo nínú wọn ló fẹ́ bi í bí ẹ̀jẹ̀ tín-ín-tín yẹn ṣe máa tó? Ìgbà tí ìwé ìròyìn Wall Street Journal tú àṣírí ẹ̀ ní 2015, tó di 2016, ni wọ́n wá ń kó àwọn àgbà yàrá àyẹ̀wò jọ, ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ. Ní 2022 ilé ẹjọ́ jù ú sẹ́wọ̀n ọdún 11 àti díẹ̀.

Èyí tó kàn wá jù ni ẹ̀rọ kékeré tí nọ́ọ̀sì fi ń há ìka, tó ń sọ bí ọ́síjìn ṣe pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ló ń gba inú ìka kọjá. Àwa adúláwọ̀ wá ńkọ́? Ní 2020 ìwádìí kan jáde nínú New England Journal of Medicine, ìwé ìwádìí àwọn dókítà: nígbà tí ẹ̀rọ náà sọ pé ọ́síjìn wà ní 92 sí 96 nínú 100, tí wọ́n wá fa ẹ̀jẹ̀ wò gan-an, bíi 12 nínú 100 láàárín aláwọ̀ dúdú ni tiwọn ti lọ sílẹ̀ gidi, ti aláwọ̀ funfun ò ju bíi 4 lọ. Ẹ̀rọ ní kò séwu, ẹni náà ń kú lọ. Èyí tó dùn mí ni pé àwọn onímọ̀ kan ní California ti kọ ọ́ sílẹ̀ láti 2005 pé awọ dúdú ń da ẹ̀rọ yẹn láàmú.

Ẹ tún wo ìyá ìkókó ní Kétu tó lé làálì dúdú dé èékánná: nọ́ọ̀sì á fi há a níka, nọ́ńbà ò ní jáde, á bọ́ ọ, á nu ún, á tún há a, títí á fi bọ́ sí ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ẹni tó jókòó sí Jámánì ò lè ronú kan ìyẹn láéláé. Nọ́ọ̀sì yẹn gan-an yẹ kó jókòó ti ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń gbà yín nímọ̀ràn, ẹ máà jẹ́ kí ìwé tó kà kéré lójú yín jàre.

Ẹ sanwó fún àwọn olùdámọ̀ràn yìí, kẹ́ ẹ kọ ọ́ síwèé. Kẹ́ ẹ fún wọn ní ìpín ńlá nínú ilé iṣẹ́ ni mi ò fara mọ́, torí ẹni tó mọ̀ pé ọjọ́ tẹ́rọ bá tà lòun máa lówó, ẹnu ẹ̀ á wúwo láti sọ pé kò tíì ṣeé tà. Kẹ́ ẹ sì tètè pè wọ́n, nígbà tó ṣì rọrùn láti yí nǹkan padà, kì í ṣe ìgbà tẹ́ ẹ bá ti tẹ páálí ẹ̀rọ náà tán.